Ọkọ Ìyàwó Tó Ń Tiro

Bí ẹ bá ti ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù rí ní agbègbè wa yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló so yín pọ̀. Ṣé ẹ rántí obìnrin pupa kúkúrú kan tó wo ọkọ ìyàwó láti òkè gíláàsì, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà tó sì rò pé òun rí kòkòrò? Ańtí Christiana nìyẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ni pé kí wọ́n jókòó sẹ́yìn tábìlì ìjọba, kí wọ́n bi tọkọtaya bóyá ó dá wọn lójú, kí wọ́n sì tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ojú àwọn yẹn kò jọ ojú ẹni tó dá lójú.

Ìjọba ní kí Ańtí máa lọ sílé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n délé wọn ní Ẹ́sítéètì Ìbà, wọ́n wò yí ká, kò sí ọkọ, kò sí ìyàwó. Èmi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn kí n lè máa lọ sí yunifásítì ni ojú wọn kọ́kọ́ bà lé.

"Jùmọ̀kẹ́, ọmọkùnrin tó ń bá ọ gbé báàgì bọ̀ láti Iyana-Iba yẹn, ṣé ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́?"

"Ańtí, kíláàsì kan náà la jọ wà."

"Mo kàn béèrè ni."

Ọlọ́run ló yọ mí. Kò pẹ́ tí Ańtí fi gbójú kúrò lára mi, tí wọ́n gbé e lé àwọn àgùntàn wọn.

Àwọn àgùntàn yìí kì í ṣe àgùntàn lásán o. Ọkọ Ańtí, Dádì Akínkúnmi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ló fi búùtù Pijó dúdú wọn gbé akọ kan àti abo kan wá láti Ìkọ̀lé-Èkìtì. Akọ yẹn ga débi pé àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní màlúù. Funfun ni látòkè délẹ̀, àfi etí òsì rẹ̀ tó dúdú kirikiri, bí ẹni pé etí yẹn ló fi gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó gbọ́. Dádì fẹ́ràn etí náà bí ojú. Bí àlejò bá wá, wọn ò tíì fún un lómi mu tí wọ́n á ti ní kó wá wo etí.

Nígbà tí Dádì kú, Ańtí gbé fọ́tò wọn kọ́ sí pálọ̀, ṣùgbọ́n etí àgbò ni Ańtí ń lọ kí láràárọ̀. Wọ́n á dì í mú jẹ́jẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún un: "Bàbá Mofẹ́, ẹ kú àárọ̀ o. Kò síná. Ẹ̀gbọ́n yín tún pè lánàá, ohun tí wọ́n máa ń sọ náà ni wọ́n sọ." Mofẹ́olúwa, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní Kánádà. Kò mọ̀ pé bàbá òun ti di àgbò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún un.

Akọ yẹn bímọ, ọmọ náà bímọ, etí dúdú ń ti ara ọmọ bọ́ sára ọmọ. Ì bá máa lọ bẹ́ẹ̀ títí, bí kì í bá ṣe ti Alhaji Zakariyah.

Alhaji Zakariyah ni aládùúgbò wa. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń tà ní Ọjà Àlàbá, ohùn wọn sì máa ń lọ sókè nígbà gbogbo bí ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kódà bí wọ́n bá ń sọ àṣírí. Láyé Dádì, àwọn méjèèjì ti bọwọ́ pé àgbò tó bá tóbi jù nínú ọgbà wa, ti Alhaji ni lọ́dún Iléyá. Dádì kú, ìlérí kò kú. Ańtí náà kò lè sọ pé àwọn kò ṣe mọ́. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé sọ fún àwọn ẹlòmíì pé ìlérí ni ìlérí, ẹnu wo ni yóò fi sọ ọ́? Nítorí náà, lọ́dọọdún, Alhaji á wọlé wá, wọ́n á tẹ àwọn àgbò lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á di ìwo wọn mú, wọ́n á mú ọ̀gá wọn lọ. Lọ́jọ́ Iléyá, abọ́ ẹran á ti ilé wọn wá. Ańtí á jẹ ẹ́, omi á sì máa bọ́ lójú wọn.

"Ó dùn o," ni wọ́n máa ń wí. "Jùmọ̀kẹ́, ó dùn. Ọkọ Felicia rèé."

Felicia, Bímpé àti Tófúnmi ni àwọn abo mẹ́ta inú ọgbà. Orúkọ àwọn ìyàwó tí Ańtí kò gbàgbé nínú iṣẹ́ wọn ni wọ́n fún wọn: Felicia tó sunkún tí àtíkè fi ṣàn wọ inú Bíbélì, Bímpé tó ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní kó lọ mumi, àti Tófúnmi tó dé lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ti sùn lọ lórí bẹ́ńṣì.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá ni Alhaji wọlé wá yẹ ọgbà wò. Wọ́n dúró, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n wo àwọn àgùntàn náà títí.

"Ìyá Mofẹ́, ẹ má bínú o, ìbéèrè lásán ni. Ṣé àgùntàn lẹ ṣì ń sìn, àbí ẹ ti bọ́ sórí ehoro?"

"Alhaji, ẹ lọ fọ ẹnu yín."

"Mo fọ̀ ọ́ kí n tó wá. Ẹ rántí tọdún tí mo ra fìríìjì tuntun? Ọkùnrin mẹ́rin la jẹ́ tí a fi dè é mọ́lẹ̀, ó sì tún wọ́ wa dé ìdí kànga. Ti èṣí ńkọ́? Ìyàwó mi nìkan ló dì í mú! Ọwọ́ kejì ló fi ń dáhùn fóònù!"

"Ta ló fà á?" Ańtí ti bọ́ gíláàsì. Bí Ańtí bá ti bọ́ gíláàsì, kí oníkálukú wá ibi sá sí. "Ẹ̀yin ni! Lọ́dọọdún lẹ̀ ń wọlé síbí, tí ẹ̀ ń ṣa ọkùnrin gidi lọ. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ta lẹ ń ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin mi?"

Gbogbo wa yíjú sí Kọ̀bọ̀.

Kọ̀bọ̀ dúró nídìí ògiri, ó ń jẹ ọ̀rá píọ́-wọ́tà. Àgbò ni Kọ̀bọ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ojú tàn yín jẹ. Ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun bí ẹni tó wọ ibọ̀sẹ̀ ilé ìwé, ìwo rẹ̀ sì dà bí ẹ̀pà méjì tí wọn kò tíì bó. Iléyá ń dé, Iléyá ń lọ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí. Àwọn tó lẹ́wà ń wọ ìkòkò ọbẹ̀, Kọ̀bọ̀ ń jẹ ọ̀rá. Bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́ lẹ́yìn Iléyá, òun nìkan ni ọkùnrin nílé. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wo àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú ọgbà yẹn láàárín ọdún mẹ́ta, ibọ̀sẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

"Kí n wá fa eléyìí síwájú Ọlọ́run?" ni Alhaji béèrè. "Kí n ní, Ọlọ́run, ohun tó dára jù tí mo ní rèé?"

Ańtí tún gíláàsì wọn wọ̀.

Alhaji wá rìn lọ sọ́dọ̀ Olóyè. Olóyè nìkan ni àgbò tó kù tó ní etí dúdú. Ó ti ń sanra bọ̀ láti ọdún méjì, ìwo rẹ̀ ti ká bíi gèlè, àyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì máa ń dúró bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ya fọ́tò òun. Alhaji tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Inú wọn dùn.

"Tèmi nìyí lọ́dún yìí," ni wọ́n wí. Wọ́n lọ.

Ańtí jókòó sórí garawa omi tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. "Bí Olóyè bá lọ láì bímọ, etí ti parí nìyẹn," ni wọ́n wí. "Bàbá Mofẹ́ á kú lẹ́ẹ̀kejì."

Èmi tó yẹ kí n pẹ̀tù sí wọn nínú, fóònù ni mo gbé jáde. Mo wá ọ̀rọ̀ náà wò, mo sì rí ẹranko kan tó ń gbé ní àwọn ìlú tí yìnyín ti ń bọ́. Múùsì ni wọ́n ń pè é. Ó ga ju màlúù lọ, ìwo rẹ̀ sì rí bí ẹni tó gbé abẹ̀bẹ̀ ńlá méjì sórí tó ń wá ẹni tí yóò fẹ́. Mo ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún Ańtí: àwọn ọdẹ ibẹ̀ fẹ́ràn akọ ńlá, níbi tí wọ́n bá sì ti ṣa akọ ńlá pa, àwọn akọ kéékèèké tí ì bá ṣì máa dúró lẹ́yìn ni wọ́n ń di bàbá ọmọ.

Ańtí gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wo àwòrán náà pẹ̀lú ìbànújẹ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyàwó múùsì," ni wọ́n sọ fún fóònù. Wọ́n dá a padà. "Kì í ṣe Ìbà nìkan nígbà náà. Ó dáa. Olóyè máa gbéyàwó kí Iléyá tó dé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jùmọ̀kẹ́, lọ so Kọ̀bọ̀ mọ́lẹ̀."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ ó rò pé mò ń bu iyọ̀ sí i. Ańtí wọ kóòtù iṣẹ́ wọn àtijọ́. Wọ́n ní kí n wẹ Olóyè, mo wẹ̀ ẹ́. Mo so táì Dádì mọ́ ọn lọ́rùn pẹ̀lú, wọ́n bọ́ ọ kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa Felicia jáde, wọ́n dúró sáàárín àwọn méjèèjì.

"Bí ẹnikẹ́ni bá wà níhìn-ín," ni Ańtí wí pẹ̀lú ohùn ìjọba, "tó mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí àwọn méjèèjì yìí..."

"Bẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀!" ni Kọ̀bọ̀ ké láti ìdí igi máńgòrò.

"Ańtí, ẹnìkan ní ìdí," ni mo wí. "Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Òfin ni."

"Kọ́ọ̀tù kò mọ̀ ọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

"Kọ́ọ̀tù kò mọ̀ ọ́n, mo ní!"

Kọ́ọ̀tù kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Felicia mọ̀ ọ́n. Ó ti ń wo apá ibẹ̀ láti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. A tú Olóyè sílẹ̀. Olóyè gbọn ara nù, ó gbé àyà síwájú, ó rìn kọjá lára ìyàwó rẹ̀, ó lọ tààrà sídìí Pijó dúdú Dádì tí kò rìn mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ańtí máa ń nu Pijó yẹn títí tí yóò fi dán bíi dígí. Olóyè wo ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó rí akọ kan nínú rẹ̀: akọ ńlá, akọ tó lẹ́wà, tó ní etí dúdú kan. Inú bí i. Ó padà sẹ́yìn, ó tẹ orí ba, ó sáré.

Gbàm!

"Yéè! Ilẹ̀kùn Bàbá Mofẹ́!"

Akọ inú ilẹ̀kùn náà tẹ orí ba. Gbàm! Kò gbà fún un. Olóyè náà kò gbà. Títí di ọ̀sán ni wọ́n fi ń jà. Nígbà tí a fi aṣọ fèrèsé bo ọkọ̀ náà tán, tí Ańtí ní kí a wá fa ìyàwó wá fún un, Felicia kò sí níbẹ̀. Okùn Kọ̀bọ̀ wà nílẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ já. Mo wo ẹ̀yìn táǹkì omi, mo sì padà wá.

"Ańtí, ẹ máa tú kọ́ọ̀tù ká."

"Kí ló dé?"

"Àwọn kan ti lọ fún oṣù oyin."

Ẹ má ní a ò gbìyànjú. A ti Kọ̀bọ̀ mọ́ yàrá bọ́ìs-kọ́tà, ó gba àárín irin fèrèsé jáde. Irin tí orí Olóyè kò lè kọjá, Kọ̀bọ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá bí ìgbà tí ẹ bá ju lẹ́tà sí àpótí. A fi pákó dí fèrèsé, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn tó ti jẹrà. Olóyè ní tiẹ̀ kò ráyè. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀kùn Pijó, á bá akọ mìíràn nínú báàfù omi. Á dà á nù. Á wá àwọn ọ̀tá rẹ̀ dé ibi gíláàsì pálọ̀. Ọ̀gágun ni Olóyè, kò sí ìgbà tí ogun tán. Kọ̀bọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀.

Iléyá ń sún mọ́lé, Ańtí kò sùn dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jáde wá pẹ̀lú báńdéèjì.

"Jùmọ̀kẹ́, ẹran tó rọ, ṣé wọ́n lè fi ṣe Iléyá?"

"Rárá. Alhaji fúnra wọn ló sọ ọ́. Kò gbọdọ̀ rọ, kò gbọdọ̀ fọ́jú, kò gbọdọ̀ ṣàìsàn."

"Ẹn-ẹ́n." Wọ́n ń tú báńdéèjì náà. "Àwa kò ní parọ́ o. Ọmọ Ọlọ́run ni wá. Báńdéèjì nìkan la máa so. Ẹni tó bá wo báńdéèjì tó wá ń ro nǹkan, ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run nìyẹn."

A so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún. Olóyè ń rìn kiri pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹni tó wọ ẹ̀gbà. Kò jọ aláìsàn rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ mi. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Olóyè fẹ́ràn jù láyé. Mo wá ń gbé èèpo sókè, tí kò bá gbé ẹsẹ̀, kò ní jẹ. Kò pẹ́ rárá tó fi mọ̀ ọ́n. Bó bá ti rí èèyàn báyìí, á gbé ẹsẹ̀ sókè, á máa tiro bọ̀, á sì wo èèyàn náà lójú pẹ̀lú àánú. Ańtí fúnra wọn rí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sáré jáde: "Jùmọ̀kẹ́, rọra mú un, ẹsẹ̀ ń dùn ún!"

"Ańtí, ẹ̀yin lẹ so ó."

"Háà. Òótọ́ ni."

Alhaji dé. Olóyè rí wọn, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tiro dé ọ̀dọ̀ wọn, ó wo ojú wọn, ó ń retí èèpo.

"Sùbùhánáláàhì! Kí ló ṣe é?"

"Báńdéèjì ni," ni Ańtí wí.

"Mo rí i pé báńdéèjì ni. Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ni, sà," ni mo dáhùn, mo sì sáré wọlé lọ ti ìrọ̀rí bọ ẹnu.

Alhaji bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa orí Olóyè, wọ́n ní Ọlọ́run á wò ó sàn, ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà. Wọ́n lọ ra àgbò tiwọn lápá Ijanikin. Lọ́jọ́ Iléyá, abọ́ ẹran dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, òróró ìfọwọ́ra kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fún ẹsẹ̀ Olóyè. Ańtí wo òróró yẹn títí ẹran fi tutù.

Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tún so Olóyè mọ́. Ta ló ń so arọ? Géètì wà ní ṣíṣí. Bó bá di àárọ̀, a ò ní rí i. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á tiro wọlé, á wó lulẹ̀, á sùn. "Ìnira ẹsẹ̀ ni," ni Ańtí máa ń wí. Wọ́n sì máa ń fi òróró Alhaji ra á.

Oṣù kẹjọ ni Felicia bímọ. Méjì. Ańtí sáré jáde pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn, wọ́n gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo etí, wọ́n wo ẹsẹ̀. Ibọ̀sẹ̀. Bímpé bímọ: ibọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kò burú, Tófúnmi máa ń pẹ́ dé, ṣùgbọ́n nǹkan rere ló máa ń gbé dání. Tófúnmi bí tiẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo fi ọwọ́ bo ẹsẹ̀ ọmọ náà, bí ẹni pé ìyẹn á tún nǹkan ṣe.

"Gbé ọwọ́ kúrò, Jùmọ̀kẹ́."

Mo gbé e kúrò. Funfun mẹ́rin.

Ańtí kò bínú, kò pariwo. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ Olóyè tó sùn fọnfọn, wọ́n di etí dúdú rẹ̀ mú. "Bàbá Mofẹ́, ẹ má bínú," ni wọ́n wí. "Mo gbìyànjú. Ọmọ yín yìí, títóbi lásán ló tóbi." Alẹ́ ọjọ́ yẹn wọn ò jẹun. Mo fi gíláàsì dúdú mi sójú Kọ̀bọ̀, mo ní kí wọ́n wá wo bàbá ọmọ. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú wọn.

Ó ku díẹ̀ kí Kérésì dé tí a gbọ́ ohùn Alhaji ní géètì. Wọn kò dá wá. Obìnrin kan wà lẹ́yìn wọn, ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, ó jọ pé láti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bọ̀. Ó gbé nǹkan kan mọ́ abẹ́ apá, ó fi ìborùn bò ó.

"Ìyá Mofẹ́, Ìyá Máyọ̀wá láti Okokomaiko rèé," ni Alhaji wí. "Ó ń ti ilé dé ilé béèrè àgbò funfun kan tó ní etí dúdú. Mo ní ìkan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní Ìbà yìí, arọ ni."

"Arọ?" Ìyá Máyọ̀wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ẹrù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Sà, àgbò yẹn fo géètì mi! Ó jẹ gbogbo tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn. Mo lé e dé títì, n kò bá a. Èmi tí wọ́n ń pè ní Eléré Ìje ní ṣọ́ọ̀ṣì wa!"

"Kí ló wá débẹ̀?" ni Ańtí béèrè. Ohùn wọn ti kéré.

"Ẹ̀yin náà lẹ máa sọ fún mi, mà." Ìyá Máyọ̀wá ká ìborùn kúrò.

Ọmọ àgùntàn kan yọ orí. Funfun látòkè délẹ̀. Etí òsì, dúdú kirikiri.

Ańtí na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Ìkejì rẹ̀ wà nílé," ni Ìyá Máyọ̀wá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ilé Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù ní tiwọn. Fúlikanáísà tó ń lẹ táyà ní kọ́nà náà ní. Àdúgbò wa ti kún fún etí!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Olóyè fúnra rẹ̀ wọlé láti ìgboro. Ó ń rìn dáadáa, ó ń yan ni, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń kan ilẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó rí Alhaji. Ó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì ṣe ojú àánú.

Ẹsẹ̀ òsì ló gbé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni báńdéèjì wà.

"Ìyá Mofẹ́," ni Alhaji wí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tí wọ́n rọra sọ̀rọ̀ nìyẹn.

"Alhaji."

"Àgbò tó rọ yìí."

"N kò sọ pé ó rọ."

"Mo gbàdúrà fún un! Lórí ẹní ìrun mi! Mo dárúkọ àgbò fún Ọlọ́run!"

"Àdúrà yín sì ti gbà," ni Ańtí wí. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń rìn?"

Alhaji wò wọ́n. Wọ́n wo Olóyè tó ṣì gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn wọn bí ìgbà tí wọ́n bá fa okùn jẹnẹrétọ̀: ó kọ́kọ́ hú, ó dákẹ́, ó tún hú, ó wá dún. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di géètì mú. Ańtí kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gba ọmọ àgùntàn náà lọ́wọ́ Ìyá Máyọ̀wá, wọ́n di etí rẹ̀ mú láàárín ìka méjì, omi ń bọ́ lójú wọn láìsí ẹran lẹ́nu.

"Bàbá Mofẹ́," ni wọ́n wí, "ẹ káàbọ̀ o. Ẹ pẹ́ o."

"Ta ni Bàbá Mofẹ́?" ni Ìyá Máyọ̀wá bi mí.

"Mà, ìtàn náà gùn."

A ṣe ìpàrọ̀ níbẹ̀. Ìyá Máyọ̀wá mú ọmọ Felicia kan lọ, oníbọ̀sẹ̀. Ó ní ó wu òun, ó dà bí ọmọ tí wọ́n ń múra fún ilé ìwé. Alhaji ní àwọn dárí jì wá, ṣùgbọ́n Iléyá tó ń bọ̀, Olóyè ń bá àwọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ kí àwọn rí báńdéèjì.

"Mo gbà," ni Ańtí wí.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ṣé ó dá yín lójú?" ni Alhaji tún bi wọ́n, wọ́n wò wọ́n láti òkè gíláàsì tí wọn kò wọ̀. Ìgbà yẹn ni Ańtí tó rẹ́rìn-ín.

Jésùdámiláre ni Ańtí sọ ọmọ àgùntàn náà. Kí Alhaji tó lọ sílé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn díẹ̀ báyìí, wọ́n mi orí. "Máṣàáláàhù," ni wọ́n wí. "Eléyìí náà á tóbi o."

Mo sìn wọ́n dé géètì. Ìgbà tí mo padà wọlé, Kọ̀bọ̀ wà nídìí ògiri, ó ń jẹ ọ̀rá píọ́-wọ́tà, ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ańtí ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésùdámiláre tí kò tíì mọ ìrìn dáadáa. Wọ́n ń fi ìka wọn wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, báńdéèjì wà láàárín eyín wọn.

"Kí lò ń wò?" ni wọ́n bi mí. "Lọ bá mi bó ọ̀gẹ̀dẹ̀."